A Ò Ní Nǹkan Gbígbóná Nílé

Ọkọ mi kì í parọ́ fún mi. Àwọn tó ń tajà ló máa ń parọ́ fún. Bó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ látinú ògiri, tí ẹni tó ń tajà sì wọ aṣọ tó dáa ju tiẹ̀ lọ, ọrùn rẹ̀ á gùn, ohùn rẹ̀ á sì wọnú ikùn lọ. Lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ilé kan tí mi ò dé rí, tó ní èmi àti òun la jọ ń gbé níbẹ̀.

Alága ni gbogbo ará ilé ń pè é. Kì í ṣe alága ohunkóhun. Ìpàdé kan ṣoṣo ló darí láyé rẹ̀, ìpàdé àwa ayálégbé nípa ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, lọ́jọ́ tí eyín ń dun ẹni tó jẹ́ alága lóòótọ́. Wọn ò parí ọ̀rọ̀ náà síbì kankan, ẹ̀rọ omi náà ò sì ṣiṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, ṣùgbọ́n oyè ọjọ́ náà ò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Níbi iṣẹ́, akọ̀wé ni ní ilé ìkẹ́rùsí símẹ́ǹtì. Òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n bá ń já àpò. Nílé, Alága ni.

Èmi, aránṣọ ni mí. Iwájú pálọ̀ wa ni ṣọ́ọ̀bù mi: máṣíìnì kan lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, àti áyọ́ọ̀nù mi lórí pátákó tí mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé. Ẹni tí kò ránṣọ rí máa ń rò pé ìgbà tí aṣọ bá parí la ń lọ̀ ọ́. Rárá o. Bí mo bá rán ojú kan tán, màá lọ̀ ọ́ kí n tó rán èkejì mọ́ ọn. Kọ́là tí a kò lọ̀ kó tó wọ ara aṣọ, bó o fẹ́ kó o lọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà títí ọwọ́ rẹ á fi bó, á kàn máa wò sílẹ̀ bí etí ewúrẹ́ ni.

Iná àdúgbò wa sì rèé, ó máa ń wá bí àlejò tó ní òun ò lè jókòó. Mo ti fi ìdí ìkòkò gbígbóná lọ kọ́là rí. Mo ti ránṣọ lójú àbẹ́là rí, ìda rẹ̀ sì ro sí èjìká òsì aṣọ aláwọ̀ ewé kan. Mo fi pépà àti ṣíbí tí mo yá lórí iná fà á kúrò, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ ń dán síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni obìnrin tó ni aṣọ náà kọ́kọ́ fi ìka rẹ̀ lé.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Alága ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àpótí iná, mo gbé àlùmágàjí mi sílẹ̀, mo fetí sí i.

"Kò ní ariwo, kò ní èéfín, kì í mu epo," ó ní. "Bí iná bá wà, á máa gbé e mì. Bí iná bá lọ, á máa pọ̀ ọ́ jáde fún wa. Iṣẹ́ rẹ ni mo ń rò, ìyàwó mi. Kí máṣíìnì rẹ máa lọ, kí áyọ́ọ̀nù rẹ máa gbóná, bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn."

Torí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe fi owó tí mo ń tọ́jú fún máṣíìnì kejì kún tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sọ́kàn pé áyọ́ọ̀nù wà nínú gbólóhùn náà.

A dé ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ ń dán. Mo wo ọrùn ọkọ mi, ó ti ń gùn.

Àwọn àpótí náà wà lórí pẹpẹ, àwọn kéékèèké níwájú, àwọn ńláńlá lẹ́yìn. Ọmọbìnrin tó ń tajà kí wa dáadáa. "Kí ẹ tó mú èyíkéyìí, sà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kí ni ẹ ní nílé tí ẹ fẹ́ kó gbé?"

Kò sí ìbéèrè tó dáa jùyẹn lọ, ìdáhùn rẹ̀ ò sì le. Máṣíìnì kan, áyọ́ọ̀nù kan, gílóòbù mélòó kan, fáànù kan tí apá rẹ̀ kan ti kán, tẹlifíṣọ̀n tó ní ikùn lẹ́yìn, fóònù èmi àti fóònù òun.

Alága wúkọ́. "Láàpútọ́ọ̀pù," ó ní. "Tèmi, àti ti madámù."

Mo wẹ̀yìn wò bóyá madámù mìíràn ti wọlé.

"Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Ẹ̀rọ orin. Iná ìkàwé, torí mo máa ń kàwé gan-an. Àti kámẹ́rà."

"Ó dáa, sà. Fíríìjì ńkọ́?"

"Gáàsì ni tiwa ń lò."

Mi ò mọ ibi tó ti gbọ́ ìyẹn. Fíríìjì ò wọ ilé wa rí, ì báà jẹ́ èyí tó ń lo igi ìdáná.

"Nǹkan gbígbóná ńkọ́, sà? Kẹ́tùlù oníná, áyọ́ọ̀nù? Àwọn yẹn ló máa ń jẹ iná jù. Bí ẹ bá ní wọn, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó wà lẹ́yìn yìí."

Mo la ẹnu. Alága gbé bàtà rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi, ó rọra yí i, bí ẹni ń pa sìgá.

"A ò ní nǹkan gbígbóná nílé," ó ní. "Alágbàfọ̀ ló ń bá wa lọṣọ."

Alágbàfọ̀! Ọkùnrin tó jẹ́ pé orí pátákó mi ni mo ti ń lọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, kó tó lọ fi símẹ́ǹtì pa á láró.

Ọmọbìnrin náà mú ọ̀kan nínú àwọn ti iwájú. Ó kéré, ó rẹwà, ó ní ọwọ́ ìgbámú bíi báàgì ìyàwó tuntun, ó sì ní ihò púpọ̀. "Èyí á tó yín dáadáa, sà." Kò purọ́. Ó tó àwọn èèyàn tí ọkọ mi ṣàpèjúwe. Àwa kọ́ ni wọ́n.

Bí a ṣe jáde, mo ní, "Alága, áyọ́ọ̀nù mi ńkọ́?"

"Ṣé o fẹ́ kí n dúró níwájú ọmọ kékeré yẹn kí n máa ka áyọ́ọ̀nù ni? Wo iye ihò tó wà lára rẹ̀. Nínú gbogbo ihò yìí, ṣé ẹyọ kan ò ní gba áyọ́ọ̀nù?"

Ihò náà gba áyọ́ọ̀nù lóòótọ́. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe gbà á.

A gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí tábìlì, a gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àpótí iná sì gorí àga ọlá. Alága ní kí n rán ìbòrí fún un kí eruku má bàa bà á. Mo fi ìyókù àrán pupa kan rán an, mo fi léèsì sí etí rẹ̀. Kódà mo lọ̀ ọ́. Ní iwájú àpótí náà, nọ́ńbà kan máa ń hàn tó ń sọ iye iná tó kù nínú rẹ̀, ọkọ mi á sì wo ojú nọ́ńbà yẹn láàárọ̀ kó tó wo ojú mi.

"Ó ti dín ní ẹyọ kan! Ta ló lò ó?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ tàn án kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti dín."

Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú iná lọ, fèrèsé wa nìkan ló mọ́lẹ̀ ní gbogbo ilé. Kò pẹ́ tí Dírẹ́fà tó ń gbé lókè fi sọ̀ kalẹ̀, ó gbé fóònù dání bí ẹni gbé ọmọ wá fún ìwòsàn.

"Alága! Alága gidi! Ẹ wò ó, ẹlòmíì ń jẹ alága lásán, tiyín ní ìmọ́lẹ̀ nínú!"

"Fi sí ihò yẹn," ni ọkọ mi wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Ọjọ́ kejì, Dírẹ́fà mú Onírun wá, obìnrin tó ń ṣe irun lábẹ́ àtẹ̀gùn. Onírun mú àwọn ará yàrá ẹ̀yìn wá. Láìpẹ́, pálọ̀ mi ti kún. Àwọn fóònù sùn sílẹ̀ yí àpótí náà ká pẹ̀lú okùn wọn, bí ọmọ ajá lẹ́nu ọmú. Kò sẹ́ni tó ń sanwó. Ìyìn ni wọ́n ń san.

"Alága, bí kì í bá ṣe tiyín, a ò bá ti máa fọwọ́ tá ògiri."

"Ìjọba gan-an ò ṣe tó yín."

Ẹni tó bá wọlé tó kàn ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," Alága á ní ihò ti tán, bí ihò méjì tilẹ̀ ń wò ó lójú. Èmi ńkọ́? Bí mo bá fi máṣíìnì mi sí i, nọ́ńbà á máa sọ̀ kalẹ̀, ọkọ mi á sì yí ojú sí mi bí ẹni tí mò ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó mi, ṣe sùúrù. Àlejò wà." Mo bá ń fi ọwọ́ yí ìdí máṣíìnì náà, nínú ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ gbòò.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà lójú títì gbé aṣọ funfun wá bá mi. Obìnrin tí kì í jókòó ni. Ó dúró, ó wo máṣíìnì mi, ó wo ọwọ́ mi.

"Yunifọ́ọ̀mù wọ́ọ̀dù kan ni kó o kọ́kọ́ rán. Bí kọ́là wọn bá dúró, tí ìṣẹ́po wọn sì mú, gbogbo ilé ìwòsàn ni màá gbé fún ọ. Bí wọn ò bá dúró, mo mọ aránṣọ mìíràn. Lọ́jọ́ Ẹtì ni màá wá. Mi ò sì fẹ́ àlàyé iná o. Ibi tí iná ti ń lọ ni àwa náà ń gbé."

Bí ẹnì kan ò bá mọ ohun tí yunifọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn jẹ́ fún aránṣọ, kí n sọ fún un. Kì í tán. Ó ń gbó, ó ń gba ẹ̀jẹ̀, àwọn tó wọ̀ ọ́ á sì sanra kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yẹn ti kúrò nínú dídúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa wò bóyá ẹni tó ń bọ̀ gbé àpò aṣọ dání.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iná àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Bí wọ́n bá mú un wá lálẹ́, kì í lágbára. Gílóòbù á máa pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ó ń rọra kún inú àpótí títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù mi ò gbóná ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ìkókó lọ. Ojúmọmọ, kò sí rárá. Mo ti gé gbogbo aṣọ náà. Kọ́là wà lórí tábìlì, wọ́n sùn sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ.

Alága ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣí ìbòrí àrán kúrò. Nọ́ńbà wà ní òkè téńté. Mo fi áyọ́ọ̀nù sí i.

Àpótí náà mí kanlẹ̀, ó ké tíì, tíì, tíì, àmì pupa kan yọ sí i lójú, ó sì kú. Mo yí áyọ́ọ̀nù sí ooru tó kéré jù, mo tún un ṣe. Ó tún ké, ó tún kú. Kò jóná o, kò sì bàjẹ́. Ó kàn kọ̀ ni, bí òṣìṣẹ́ tó ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé wọn ò gba òun fún irú iṣẹ́ yìí. Kò sì jẹ̀bi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbà á.

Nírọ̀lẹ́, pálọ̀ ti kún kí ọkọ mi tó dé. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni léèsì ìbòrí tó ṣẹ́ po.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni. Áyọ́ọ̀nù ni mo fi sí i. Kò gbé e."

Dírẹ́fà fa fóònù rẹ̀ mọ́ra. "Hẹ̀! Ìyàwó Alága! Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

"Nǹkan ẹlẹgẹ́ báyìí!" Ọkọ mi gbá orí mú. "Áyọ́ọ̀nù! Ṣé ọmọbìnrin yẹn ò sọ pé nǹkan gbígbóná...?"

"Ó sọ. Ó bi yín pàápàá. Ẹ ní a ò ní nǹkan gbígbóná nílé. Ẹ ní alágbàfọ̀ ló ń bá wa lọṣọ."

Onírun gbójú sókè. Dírẹ́fà ya ẹnu. "Alágbàfọ̀? Alága, ẹ ní alágbàfọ̀ tiyín?"

Ọkọ mi wo Dírẹ́fà. Ó wo Onírun. Ó wo èmi, mo sì wò ó padà láìṣẹ́jú. Bó bá ní òun ò ní, a óò lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́la, a óò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba èyí, a óò sì fowó kún un mú èyí tó wà lẹ́yìn. Mo fún un láyè. Mo rí i bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń gùn.

"A ní in," ó ní. "Kí ló wá ṣe? Alágbàfọ̀ wa wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ló kàn fẹ́ràn wàhálà."

"Ẹ ṣeun, Alága," mo ní. "Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Alágbàfọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa, bàbá gbígbẹ kan tó ń lọṣọ lábẹ́ páànù ní ìparí òpópónà. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò. Èmi náà lo irú rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, iná ta látẹnu rẹ̀, ó lu ẹ̀yìn yẹ̀rì kan, ọ̀gá mi sì ní kí n máa wọ yẹ̀rì náà wá síbi iṣẹ́ kí ojú lè máa tì mí. Mi ò jẹ́ gbé e sórí aṣọ funfun láé. Ṣùgbọ́n bàbá yìí, eérú kì í bọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi àkísà di iwájú orí kí òógùn má bàa ro sórí aṣọ oníbàárà, ooru èédú sì ń yan án bí ẹran orí iná.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àwọn kọ́là náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìwọ tó o ní áyọ́ọ̀nù," ó ní, "kí lo gbé tìẹ wá bá mi fún?"

"Bàbá, ẹ̀yin lalágbàfọ̀ wa."

"Ti ilé Alága? Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí a ra àpótí iná. Gbogbo ilé ló ti gbọ́, ó ku ẹ̀yin nìkan."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ṣọ́ọ̀bù dé orí léèsì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó wá nu ojú. "Ó dáa. Kí ni wàá ṣe fún mi?"

Mo wo òógùn tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Bàbá, ṣé fáànù lè wù yín?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Fáànù?"

"Fáànù kan, àti gílóòbù kan tẹ́ ẹ fi máa rí àbàwọ́n."

"Ọmọ mi," ó ní, "ẹni tó bá lè fẹ́ atẹ́gùn sí mi lára lábẹ́ páànù yìí, bó bá ní kí n lọ awọ ojú òun, màá bá a lọ̀ ọ́ kó jọ̀lọ̀."

Mo padà sílé. Wọ́n ní àpótí náà ṣeé gbé kiri. Mo gbé e, pẹ̀lú ìbòrí àrán lórí rẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Mo gbé fáànù tó kán lápá sí ọwọ́ kejì. Ìgbà tí fáànù náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo gbàgàgbàgà, bàbá náà di ojú méjèèjì, ó na ọrùn sí i.

"Òótọ́ ni ọkọ rẹ sọ," ó ní. "Kò sí nǹkan gbígbóná nílé yín. Gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ mi níbí."

Nígbà tí Alága dé, tẹlifíṣọ̀n ti padà sórí tábìlì. Àwọn àlejò rẹ̀ ti pé, oníkálukú gbé okùn fóònù tiẹ̀ dání.

"Àpótí dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ wa."

"Alágbàfọ̀ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ sọ fún ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù. Èyí tẹ́ ẹ sọ fún Dírẹ́fà lánàá."

Ó la ẹnu, ó rí Dírẹ́fà tó ń wò ó, ó pa ẹnu dé. Ọrùn rẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì padà sínú kọ́là.

"Alága wa," ni Dírẹ́fà wí jẹ́jẹ́, "alágbàfọ̀ yín yìí, apá ibo ló wà?"

Èmi ni mo júwe fún un. Ó ká okùn rẹ̀, ó jáde. Onírun tẹ̀lé e. Àwọn ará yàrá ẹ̀yìn tẹ̀lé Onírun. Kò sẹ́ni tó rántí sọ pé ó dàárọ̀.

Ó ku èmi àti ọkọ mi. "O gbé iná mi fún alágbàfọ̀," ó ní.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù mi fún un."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ní gbogbo ìyókù ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò sì ráyè tí ìyẹn ì bá fi dùn mí. Mò ń fi ọwọ́ yí máṣíìnì, mò ń gbé kọ́là lọ, mò ń gbé e bọ̀, mò ń gbé apá lọ, mò ń gbé e bọ̀. Mo mọ gbogbo kòtò tó wà lójú òpópónà yẹn.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ Ẹtì bó ṣe wí. Kò jókòó. Ó mú aṣọ àkọ́kọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ kọ́là rẹ̀ lulẹ̀, ó sì yọ ọwọ́. Kọ́là náà dìde padà. Ó mú èkejì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dìde. Ó tẹ gbogbo wọn pátá, ẹni tí kì í fi ojú lásán gba nǹkan gbọ́ ni.

"Ta ló lọ aṣọ yìí?"

"Alágbàfọ̀ wa ni, mà."

Ó mi orí. "Mú téèpù rẹ wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n pọ̀ o, jẹun kó o tó wá."

Iṣẹ́ náà ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Àpótí iná náà ò sì tíì kúrò lábẹ́ páànù. Iná aláìsàn yẹn ń kún inú rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá náà bó ṣe ń kún inú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bàbá náà ò fẹ́ràn ìyìn. Ó ní kì í jẹ́ kí òun gbọ́ fáànù. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù sí i, aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ wà nínú báàfù, kó lọ sá a. Dírẹ́fà ti mọ aṣọ í sá báyìí. Alága ni òun àti Onírun ń pe bàbá náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo lọ kó kọ́là, mo sì rí ọkọ mi lórí ìlà, lẹ́yìn àwọn ará yàrá ẹ̀yìn, fóònù rẹ̀ ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Nígbà tó kàn án, bàbá náà ò gbójú sókè lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ìbòrí àrán mi ló fi di ọwọ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná mú, léèsì ti jó létí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni bàbá náà wí. "Kí ni ẹ ní tí ẹ fẹ́ kó gbé?"

Mo dúró. Mo rí i tí ọrùn náà ń gùn bọ̀. Dírẹ́fà náà dúró, pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́.

"Fóònù," ni ọkọ mi wí. Ó nà án síwájú. "Fóònù kan péré, Bàbá."

"Kò sí láàpútọ́ọ̀pù?"

"Kò sí."

"Fi síbẹ̀. Báàfù rèé."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ síwájú báàfù náà, ó fa aṣọ tó wà lókè jáde, ó gbọ̀n ọ́n. Ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí a ti ní alágbàfọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́.